Ìlẹ̀kẹ̀ Ojú Kọ̀ọ̀kan: Ìrìn-àjò Ọdẹ́jìmí sí Ìlú Àyálò

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tí kò bá rí ìjókòó kó dúró, ẹni tí kò bá lè dúró kó lọ sílé lọ sùn, nítorí inú ń bí mi lónìí, ìtàn tí mo fẹ́ sọ kò sì yẹ ẹni tó ń tòògbé. Ṣé ẹ rí ọmọkùnrin oníbàtà dídán tó wá sí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ ọdẹ wa láàárọ̀? Ó ní òun gbé áàpù kan wá, tí yóò máa fi ibi tí ọdẹ kọ̀ọ̀kan wà nínú igbó hàn wá lórí fóònù. Ó ní a kò nílò ẹni tó kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rárá, pé ẹnu lásán la ó fi júwe ohun tí a ń fẹ́, áàpù náà yóò sì tò ó fún wa. Gbogbo yín ń pàtẹ́wọ́. Ìgbà tó wá ní orí kọ̀ọ̀kan ni yóò máa sanwó, lóṣooṣù, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara yín bí ẹni tí wọ́n já ẹran gbà lẹ́nu rẹ̀. Ẹnì kan ní kí a san ti ẹni kan ṣoṣo kí gbogbo wa máa lò ó. Ẹlòmíràn ní kí a kọ́kọ́ kọ orúkọ àwọn àgbà. Orúkọ àwọn àgbà! Díẹ̀ ló kù kí n gbé àpótí tí mo jókòó lé lu ẹni tó sọ ọ́.

Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti gbá ẹfọ̀n létí rí tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Ẹni tí kò bá gbà kó lọ bi ẹfọ̀n. Ṣùgbọ́n n kò ní fi tèmi yangàn púpọ̀ lónìí. Ìtàn Ọdẹ́jìmí ni mo fẹ́ sọ, Ọdẹ́jìmí Aṣípa ọdẹ ìlú Ìdó-Àgbọ̀nrín, nítorí ohun tó fẹ́ ṣe yín yìí ti ṣe é rí, ojú rẹ̀ sì rí màbo.

Ọdún kan wà tí ọyẹ́ mú ní ìlú náà tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kì í rí ọwọ́ ara rẹ̀ nínú igbó. Ọdẹ kan rí ewé tó mì, ó yìnbọn, ó sáré débẹ̀, àbúrò Ọdẹ́jìmí ló bá nílẹ̀. Wọn kì í ṣe ọ̀tá o. Wọ́n jọ jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà ni. Wọ́n sin òkú tán, kò pẹ́ kò jìnnà, Mopé, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọdẹ́jìmí bí, gbé ìbọn tí àbúrò bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, ó ní òun náà yóò dọdẹ. Bàbá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó pariwo mọ́ ọn, ó tún bẹ̀ ẹ́. Igi gbígbẹ ni ọmọ náà, kò ṣeé tẹ̀. Ọdẹ ńlá ẹ̀ẹ̀rùn sì ń bọ̀, nígbà tí gbogbo ọdẹ ìlú máa ń jọ wọgbó, Mopé yóò sì wà láàárín wọn nínú ọyẹ́ yẹn kan náà. Ọdẹ́jìmí di àmùrè, ó ní, "Ìbọn ọ̀rẹ́ tó mú àbúrò mi lọ kò ní mú ọmọ mi. Bí ohun tó ń jẹ́ kí ọdẹ rí ọdẹ bá wà láyé, bó wà lábẹ́ ahọ́n ànjọ̀nnú, èmi yóò lọ mú un wá."

Àwọn arúgbó ti sọ fún un pé ohun tó ń wá wà ní Ìlú Àyálò, lẹ́yìn Igbó Olóhùn-méjì. Bó ṣe rìn débẹ̀, ẹ má bi mí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀nà ti gùn tó kó lọ rìn ín. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nínú igbó yẹn ni iwin kan ti dí ojú ọ̀nà mọ́ ọn, iwin tí kò lórí, tí ẹnu rẹ̀ wà ní ikùn, Ẹlẹ́nu-níkùn ni wọ́n ń pè é. Bó bá sọ̀rọ̀, ìdodo rẹ̀ a máa mì.

Ẹlẹ́nu-níkùn ní, "Ọdẹ, dá mi lóhùn kí o tó kọjá. Kí ni ohun tí o ní lónìí, tí o fi ọwọ́ ara rẹ tún ṣe, tí o fi ṣiṣẹ́, tí kì í ṣe tìrẹ bí oṣù tuntun bá lé?"

Ọdẹ́jìmí ronú, ó ní, "Ẹ̀mí ni."

Ikùn iwin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀mí kẹ̀? Ẹni tó fún ọ ní ẹ̀mí kì í wá gba nǹkan lóṣooṣù. O kò mọ̀ ọ́n. Ó dára, kọjá. Irú àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ni àwọn tó ń ṣọ́ ibodè máa ń fẹ́ gbà wọlé."

Ẹ gbọ́ bí iwin ṣe ń sọ̀rọ̀! Ó fún un ní ìkìlọ̀, ó fi ẹ̀rín bò ó. Ọdẹ́jìmí tiwa kò bìkítà, ó ti kọjá.

Ó dé ẹnu ibodè Ìlú Àyálò. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ ni Oǹkà, iwin kan tí ojú bò lára láti àyà dé àtẹ́lẹsẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju pé kó ka ẹni tó ń wọlé lọ. Oǹkà ní, "Ta nìyẹn?"

Háà! Ẹ̀yin náà mọ ọdẹ. Ta ló ń bi ọdẹ ní orúkọ tí ọdẹ ń fi ẹyọ kan dá a lóhùn? Ọdẹ́jìmí fẹ àyà, ó gbé ìbọn sókè, ó ní, "Èmi ni Ọdẹ́jìmí! Èmi ni Àjàní ọmọ Lálékan! Èmi ni Ìjì-kò-mọ-olówó! Èmi ni Akọ-ẹkùn-tí-í-lé-ẹkùn!"

Oǹkà ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

Ọdẹ́jìmí bojú wẹ̀yìn, kò rí ẹnì kankan. Ó ní, "Mẹ́rin wo? Èmi nìkan ni mo wá."

"Orúkọ mẹ́rin ni mo gbọ́, orúkọ mẹ́rin ni mo gbà wọlé. A kì í ka ẹsẹ̀ níbí, orúkọ là ń kà. Oorun òru kan ni orúkọ kan ń san." Kí Ọdẹ́jìmí tó la ẹnu, Oǹkà ti ki ìgbakọ bọ iwájú orí rẹ̀, ó bu oorun òru mẹ́rin níbẹ̀ bí ẹni ń bu ọkà. Láti ìgbà náà, fún òru mẹ́rin, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere, kò lè pa á dé.

Ẹ ò rí ìyà! Ó pariwo, ó ní òun kò gbà. Oǹkà ní kó lọ bá Alátùn-únṣe, ẹni tó ń tún ohun tó bá wọ́ ṣe ní ìlú náà. Alátùn-únṣe jókòó sí òpin ìlú, ó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ tán, ó mi orí, ó ní ó ṣeni láàánú, ṣùgbọ́n ẹnu ibodè ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, kó padà sọ́dọ̀ Oǹkà. Oǹkà ní kò sí ìṣòro, a lè yọ orúkọ kúrò, àmọ́ ẹni tó ni orúkọ ni yóò fúnra rẹ̀ wá sọ pé kí a yọ òun. Ọdẹ́jìmí ní, "Ó dára. Èmi Ìjì-kò-mọ-olówó rèé, yọ mí kúrò."

Oǹkà fi gbogbo ojú ara rẹ̀ wò ó, ó ní, "Irọ́ lo pa. Ìwọ ni Ọdẹ́jìmí, mo dá ọ mọ̀."

Ọkùnrin tó ti bá ẹkùn jìjàkadì jókòó sílẹ̀ nínú eruku, ó fọwọ́ lé orí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ẹ má fi ṣe ẹlẹ́yà o. Mo ti rí àgbàlagbà tó bú sẹ́kún níwájú fóònù nítorí ohun tí kò tó èyí. Kò sí ohun tó ń tán ènìyàn ní sùúrù bí kó máa jẹ́rìí níwájú ẹlòmíràn pé òun ni òun.

Níkẹyìn wọ́n mú un dé ọ̀dọ̀ ọba wọn, Ọba Kò-tà, ẹni tí kò ta nǹkan rí láti ọjọ́ tó ti jọba. Ọba gbé àwo funfun kan kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní Àwo Afẹnukọ́ ni. Kò sí alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ́, kò sí gbẹ́nàgbẹ́nà tó gbẹ́ ẹ. Ẹni tó bá ń fẹ́ iṣẹ́ kan, kó kàn sọ ọ́ sínú rẹ̀.

Ọdẹ́jìmí tẹ orí ba, ó ní, "Mo fẹ́ rí igbó ìlú mi. Mo fẹ́ rí gbogbo ọdẹ tó bá wà nínú rẹ̀, kí ibi tí oníkálukú wà hàn gbangba."

Kò tíì pa ẹnu dé tí igbó Ìdó-Àgbọ̀nrín hù nínú àwo náà, igi rẹ̀, odò rẹ̀, gbogbo rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ wẹ́wẹ́ sì ń rìn káàkiri nínú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kan dúró lẹ́bàá odò, ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń pọnmi. Ọdẹ́jìmí mọ ìdúró yẹn. Mopé ni. Omi lé sí ojú rẹ̀, ó ní, "Kábíyèsí, ẹ sọ iye rẹ̀. Mo rà á."

Ọba ní, "A kì í tà níbí. Yíyá là ń yá a. N ó fún ọ ní ìlẹ̀kẹ̀. Ẹni tí a bá so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ lọ́wọ́, bó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ níbikíbi tó bá wà, yóò rí ohun tó wà nínú àwo. Ìlẹ̀kẹ̀ kan, oorun òru kan, ní gbogbo oṣù tuntun. Oṣù tí o kò bá san, ìlẹ̀kẹ̀ kú, àtẹ́lẹwọ́ di àtẹ́lẹwọ́ lásán."

"Ìlẹ̀kẹ̀ kan ti tó wa. Kí ẹ fún mi ní ti Ẹgbẹ́ Ọdẹ."

"Ta ni Ẹgbẹ́ Ọdẹ?"

"Gbogbo wa ni."

"Ṣé ó lójú? Ṣé ó máa ń sùn? Ohun tí kò lójú kò lè wò, ohun tí kì í sùn kò lè san. Ènìyàn tí a bí, tó ní ọwọ́ tí a lè so nǹkan mọ́, òun ni mo ń bá lò."

Ọdẹ́jìmí ní, "Kábíyèsí, lọ́dọ̀ tiwa, ẹnì kan ní í ra ìbọn, gbogbo agboolé ní í jẹ ẹran."

Ọba ní, "Ẹ máa jẹ ẹran yín. Ta ló fi dù yín? Ẹni tó jẹ ẹran láìwo àwo kò jẹ mí ní gbèsè. Ojú tó bá wò ó ni mo mọ̀."

"Àwọn tí àwo ń fi hàn ńkọ́? Ìmọ́lẹ̀ tó ń rìn yìí, ṣé yóò san?"

"Ẹni tí wọ́n ń rí kì í san. Bí wọ́n pọ̀ bí yanrìn, kí wọ́n máa tàn níbẹ̀. Ẹni tó ń rí ló ń san."

Ọdẹ́jìmí ní bí òun bá so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọwọ́ ọdẹ kan láàárọ̀, tí òun tú u fún ẹlòmíràn ní ọ̀sán ńkọ́? Ọba kò bá a jà, ó kàn ní kó dán an wò lára àwọn ẹ̀ṣọ́ ààfin. Bí ìlẹ̀kẹ̀ ti kan ọwọ́ ẹ̀ṣọ́ kejì, ó ta á bí àkeekèé, àwo sì ṣú dùdù. Ọba ní, "Ìlẹ̀kẹ̀ mọ ọwọ́ tí a so ó mọ́. Ọjọ́ oṣù tuntun nìkan ló lè yí ọwọ́ padà. Ìwọ tí o bá mi mulẹ̀ ni n ó sì máa gba oorun lọ́wọ́ rẹ̀, n kò lè máa wá ilé ogún ènìyàn kiri."

Ẹ wò ó, gbogbo rẹ̀ ló mọ́gbọ́n wá bí ó ti ń sọ ọ́, gbogbo rẹ̀ náà ló ń bí ọkùnrin yìí nínú. Kò sí irọ́ kan níbẹ̀ tí yóò dì mú. Ogún ọdẹ ló wà nílé. Ẹni tó bá fi ogún òru san nínú oṣù, wèrè ni yóò yà. Ó wo ara rẹ̀, ó rí i pé méje ni agbára òun ká. Ó gba ìlẹ̀kẹ̀ méje, ó wọ́ ẹsẹ̀ lọ sílé pẹ̀lú ojú pípọ́n.

Ibí yìí gan-an ni mo ń bọ̀ o, ẹ̀yin tí ẹ ní kí a kọ orúkọ àwọn àgbà. Bí ọdẹ bá pa ẹran ní Ìdó-Àgbọ̀nrín, báwo ni wọ́n ṣe ń pín in? Ti Olúọdẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gé, lẹ́yìn náà ti àwọn àgbà, ní ìtẹ̀lé-n-tẹ̀lé, títí yóò fi kan ọmọdé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Ọdẹ́jìmí ṣe pín ìlẹ̀kẹ̀. Ó so ti àkọ́kọ́ mọ́ ọwọ́ Olúọdẹ, Bàbá Lágbàyí, tí orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó wọgbó mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó so márùn-ún mọ́ ọwọ́ àwọn àgbà tó tẹ̀ lé e. Ó ku ọ̀kan, ó kan òun gẹ́gẹ́ bí Aṣípa.

Mopé wo ọwọ́ àwọn àgbà, ó wo ti ara rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, àwa tí à ń wọgbó ńkọ́?"

Ó wu bàbá rẹ̀ kó tú tirẹ̀ fún un. Mo fi Ògún búra, ó wù ú. Ṣùgbọ́n ó ń ro ohun tí wọn yóò sọ, pé Ọdẹ́jìmí gba ẹ̀tọ́ àgbà fún ọmọ bíbí inú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ní sùúrù. Yóò kàn yín."

Ọdẹ ẹ̀ẹ̀rùn dé. Ọyẹ́ bo ilẹ̀ pátápátá. Àwọn ọ̀dọ́ gbé ìbọn, wọ́n wọgbó. Àwọn àgbà méje jókòó sábẹ́ igi odán, wọ́n tẹ́wọ́ wọn, wọ́n ń wò ó bí ẹni ń ṣa ẹ̀pà jẹ. Ìran dùn! Ọ̀kan tọ́ka sí ìmọ́lẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà, ó ní, "Ẹ wo Láníyọnu, ó ti dé ẹ̀bá odò." Òmíràn ní ẹsẹ̀ ọmọ náà yá, ìran bàbá rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bàbá Lágbàyí ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, òun kò tíì dọdẹ tó dùn báyìí, láìdìde.

Ọdẹ́jìmí ló kọ́kọ́ rí i. Ìmọ́lẹ̀ Láníyọnu ti dúró. Ó kúnlẹ̀. Níwájú rẹ̀, lẹ́yìn igbó ṣúúrú kan, ìmọ́lẹ̀ mìíràn ń bọ̀ jẹ́jẹ́, ó ń tẹríba, ó ń tọ ipa ẹran. Ó mọ ìrìn yẹn.

Ó pariwo, "Láníyọnu, má yìn ín! Mopé ni! Mopé, dọ̀bálẹ̀!" Gbogbo àwọn àgbà dìde, wọ́n ń ké mọ́ àtẹ́lẹwọ́ wọn, "Ọmọ wa ni! Láníyọnu, ọmọ wa ni!" Ta ni yóò gbọ́? Àtẹ́lẹwọ́ kì í gbé ohùn. Wọ́n rí gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí èyí tí wọ́n lè ṣe nínú rẹ̀. Ìbọn dún láti ọ̀nà jíjìn, gbòlà.

Ọdẹ́jìmí sáré. Bí ọkùnrin yẹn ti sáré lọ́jọ́ náà, èmi tí mo ti bá àgbọ̀nrín sáré tí mo ṣáájú rẹ̀, n kò ní lè bá a. Nígbà tó débẹ̀, Láníyọnu ti sọ ìbọn nù, ó káwọ́ lérí, ó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́. Mopé wà nílẹ̀, èjìká rẹ̀ òsì ti fọ́, ẹ̀jẹ̀ bo ewé. Ó lajú, ó wo bàbá rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ rí mi?"

"Mo rí ọ."

"Bàbá Olúọdẹ ńkọ́?"

"Ó rí ọ, ọmọ mi. Gbogbo wa la rí ọ."

Mopé ní, "Gbogbo yín rí mi. Ẹni tó gbé ìbọn nìkan ni kò rí mi."

Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, láìbínú. Ìyẹn ló pa bàbá rẹ̀.

Ọmọ náà kò kú, ẹ mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì rẹ̀ kò gòkè ju àyà mọ́ títí ayé rẹ̀. Ní ọjọ́ tí oṣù tuntun lé, Ọdẹ́jìmí san oorun méje, lẹ́yìn náà ó lọ bá àwọn àgbà lábẹ́ odán, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní kí wọ́n dákun, kí wọ́n na ọwọ́ wọn.

Bàbá Lágbàyí fa tirẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní, "Ọdẹ́jìmí, ṣé ọmọdé ni yóò wá máa rí ohun tí èmi Olúọdẹ kò rí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Òun ló ń gbé ìbọn."

Àgbà náà wo orúnkún ara rẹ̀, ó wo Ọdẹ́jìmí tó ṣì wà ní ìdọ̀bálẹ̀, tí ojú rẹ̀ ti jìn sínú nítorí àìsùn. Ó na ọwọ́. Àwọn yòókù na tiwọn. Wọ́n so àwọn ìlẹ̀kẹ̀ náà mọ́ àwọn tó ń wọgbó, wọ́n sì ṣòfin pé ọdẹ tí kò bá ní ìlẹ̀kẹ̀ lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ wọgbó lóṣù náà. Kí ó dúró de oṣù tó bá kàn án. Wọ́n so ọ̀kan mọ́ ọwọ́ ọ̀tún Mopé, nítorí kò gbà pé òun yóò fi iṣẹ́ ọdẹ sílẹ̀. Ti Ọdẹ́jìmí fúnra rẹ̀ ló kù. Láníyọnu sá fún un, ó ní òun kò yẹ. Ọdẹ́jìmí di ọwọ́ ọmọ náà mú ṣinṣin, ó fúnra rẹ̀ so ó mọ́ ọn.

Láti ìgbà náà, òun ló ń fi oorun rẹ̀ san án, òun ni kì í rí nǹkan kan. Bí Mopé bá ti wọgbó, a jókòó sí iwájú ilé. Ọwọ́ ti mọ́ ọn lára, a tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, a wò ó, ọwọ́ lásán ni yóò rí. Kò mọ ibi tí ọmọ òun dé, kò mọ ẹni tó wà nítòsí rẹ̀. A jókòó bẹ́ẹ̀, ebi kò ní pa á, oorun kò ní kùn ún, títí yóò fi gbọ́ ohùn rẹ̀ lójú ọ̀nà:

"Ẹ kúulé o, Bàbá."

Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ bu omi fún mi.